Ibi tí Ọ̀nà Bá Gbà: Ìtàn Àfonífojì Platte ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà

Ní ìpínlẹ̀ Nebraska, láti ìlú Grand Island títí dé ìlú North Platte, nǹkan mẹ́rin ló ń bá ara wọn rìn lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ: odò Platte, ojú irin Union Pacific, títì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní U.S. 30, àti òpópónà márosẹ̀ Interstate 80. Awakọ̀ tó bá gba I-80 lónìí lè fi wákàtí méjì àti díẹ̀ parí ìrìn náà. Àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù rìn ín ní ọdún 1849 lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Kí àwọn yẹn náà tó dé, ẹfọ̀n àti àwọn ẹ̀yà Pawnee ti fi ẹsẹ̀ tẹ ojú ọ̀nà náà dán.

Àwọn àgbà wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, àmọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ti odò Missouri lọ sí ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, àfonífojì Platte ni ọ̀nà tí gbogbo ìran ń padà sí, ìran ẹlẹ́sẹ̀, ìran ẹlẹ́ṣin, ìran reluwé àti ìran ọlọ́kọ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìtàn ọ̀nà yìí yóò rí nǹkan kan tó kàn gbogbo ibi tí ènìyàn ti ń la ọ̀nà. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yan ọ̀nà fún ènìyàn. Nígbà tó yá, ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yàn án fúnra rẹ̀, àti láti ìgbà náà, ẹni tó ń pinnu ibi tí ọ̀nà yóò gbà ni ó ń pinnu ìlú tí yóò yè àti ìlú tí yóò parẹ́.

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ la ọ̀nà

Láti etí odò Missouri títí dé ẹsẹ̀ àwọn òkè Rocky, ilẹ̀ Nebraska ń ga díẹ̀díẹ̀ débi pé ẹni tó ń rìn kò ní mọ̀ pé òun ń gòkè. Odò Platte gba àárín rẹ̀ kọjá láti ìwọ̀ oòrùn wá sí ìlà oòrùn. Ẹ̀ka méjì, North Platte àti South Platte, pàdé ní ìlú North Platte, wọ́n di odò kan ṣoṣo, odò náà sì lọ ya wọ Missouri ní ìsàlẹ̀ ìlú Omaha. Omi rẹ̀ fẹ̀ ṣùgbọ́n kò jìn, iyanrìn ló kún inú rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kò sì lè bá a rìn. Odò tí kò gba ọkọ̀ yìí ló wá di odò tí ẹlẹ́sẹ̀ ń tọ̀ lẹ́bàá. Ó ń fún ènìyàn lómi, ó ń fún ẹran ní koríko, kò sì sí òkè tí kẹ̀kẹ́ yóò gùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ẹni tó bá tọ ẹ̀ka àríwá lọ, tó sì yà tọ odò Sweetwater ní Wyoming, yóò dé South Pass, àlàfo gbalasa kan tí kẹ̀kẹ́ lè gbà la àárín àwọn òkè Rocky kọjá. Robert Stuart àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ṣòwò awọ ẹran, gba àgbègbè yìí nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti etíkun Pacific ní ọdún 1812, wọ́n sì wọ ìlú St. Louis ní oṣù kẹrin ọdún 1813. Àwọn onílẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣáájú wọn. Àwọn Pawnee kọ́ ilé oníyẹ̀pẹ̀ ńláńlá sí etí Platte àti àwọn odò tó ń ya wọ̀ ọ́. Wọ́n ń gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n sì ń jáde lọ dọdẹ ẹfọ̀n. Àwọn Cheyenne, Arapaho àti Lakota náà mọ ilẹ̀ náà bí ẹni mowó.

Àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà kò fìgbà kan jẹ́ aginjù tí ń retí ẹni tí yóò la ọ̀nà sí i. Ní etí odò Mississippi, ní òdìkejì ibi tí ìlú St. Louis wà lónìí, ìlú ńlá kan wà tí a mọ̀ sí Cahokia. Nǹkan bí ọdún 1050 sí 1200 ló gbilẹ̀ jù. Òkìtì ilẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ kó jọ níbẹ̀ ga tó nǹkan bí mítà 30, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Bàbà láti agbègbè àwọn adágún ńlá àríwá dé ọjà wọn, ìkarahun òkun láti etí òkun Mexico náà dé ibẹ̀. Ìlú tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ láti àríwá àti gúúsù ní ọ̀nà, ó sì ní àwọn tó ń rìn ín.

Kẹ̀kẹ́ ẹrù, akọ màlúù àti onígbá méjì

Ní ọdún 1843, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn gbéra láti Missouri, wọ́n dorí kọ ilẹ̀ Oregon. Ìrìn náà tó 2,000 máìlì. Ní ọdún 1847, àwọn ọmọ ìjọ Mormon, tí wọ́n ti lé kúrò ní ìlú Nauvoo ní Illinois, tọ apá àríwá odò Platte lọ sí àfonífojì Salt Lake. Nígbà tí ìròyìn wúrà California tàn káàkiri lẹ́yìn ọdún 1848, èrò wá kún ọ̀nà náà. Kí reluwé tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1869, àwọn tó ti tọ ọ̀nà yìí lọ sí Oregon, Utah àti California ti lé ní 300,000.

Ìgbà tí koríko bá hù ní ìparí oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún ni wọ́n ń gbéra. Ẹni tó bá yára jù, ebi yóò pa ẹran rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ jù, yìnyín yóò ká a mọ́ orí òkè. Akọ màlúù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń fa kẹ̀kẹ́: ó lọ́ra ju ẹṣin lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré, ó sì lè fi koríko lásán gbé ara ró. Bí wọ́n bá rin máìlì 15 lójúmọ́, wọ́n ṣe dáadáa. Ìyẹ̀fun, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, kọfí àti irinṣẹ́ ló kún inú kẹ̀kẹ́, nítorí náà ẹsẹ̀ ni tọmọdé tàgbà fi rìn, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Igi ìdáná kò sí lórí ọ̀dàn. Ìgbẹ́ ẹfọ̀n tó ti gbẹ ni wọ́n ń ṣà fi dáná.

Ọ̀pọ̀ fíìmù ti jẹ́ kí ayé gbà pé ọfà ló pa àwọn èrò yìí. Àrùn ló pa wọ́n jù, pàápàá onígbá méjì láti ọdún 1849 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1850. Ibì kan náà ni ẹgbẹ́ kan ń kúrò tí òmíràn ń dé sí. Kànga tí kò jìn ni wọ́n ń gbẹ́ sí etí odò, ìdọ̀tí àwọn tó ti kọjá lọ sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ẹni tó jí láàárọ̀ pẹ̀lú ara líle lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ń sin òkú sí, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ìyókù yóò tún gbéra, nítorí òtútù ń bọ̀ kò sì dúró de ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Orúkọ kan wà nínú ìtàn yìí tó yẹ kí gbogbo aláwọ̀ dúdú mọ̀: Hiram Young. Ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Tennessee, ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ra ara rẹ̀ padà. Ìlú Independence ní Missouri, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń ra ohun tí wọn yóò lò lójú ọ̀nà, ló fìdí kalẹ̀ sí. Ó ń ṣe àjàgà fún akọ màlúù, ó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹrù. Nígbà tí ọdún 1860 fi dé, ó ti di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń kan kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àjàgà ló sì ń jáde láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún. Ní ìpínlẹ̀ tí òfin ti gba kí wọ́n ta ènìyàn lọ́jà, aláwọ̀ dúdú ni ọ̀gá tí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun lọ bá fún kẹ̀kẹ́ tó gbé ìdílé wọn la ọ̀dàn kọjá. Ìwé ìtàn tó bá sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ láìdárúkọ ẹni tó kàn án, àbọ̀ ìtàn ló sọ.

Àwọn onílẹ̀ san owó ọ̀nà yìí ju gbogbo èrò lọ. Ẹran ọ̀sìn àwọn tó ń kọjá jẹ koríko tán ní etí odò, igi díẹ̀ tó wà níbẹ̀ di igi ìdáná, ẹfọ̀n sì sá jìnnà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1851, nǹkan bí 10,000 ènìyàn láti oríṣiríṣi ẹ̀yà péjọ nítòsí Fort Laramie láti bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn. Wọ́n gbà kí èrò máa kọjá ní àlàáfíà. Ìjọba náà ṣèlérí 50,000 dọ́là lọ́dún fún 50 ọdún. Nígbà tí ìwé náà dé iwájú àwọn aṣòfin àgbà ní Washington, wọ́n gé ọdún náà sí mẹ́wàá. Ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀, èrò ṣì ń kọjá, owó ló dáwọ́ dúró.

Ẹṣin, wáyà àti irin

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 1860, Pony Express bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà láti ìlú St. Joseph ní Missouri lọ sí Sacramento ní California. Ẹlẹ́ṣin yóò sáré dé ibùsọ̀, yóò bọ́ sórí ẹṣin mìíràn, yóò tún gbéra. Nǹkan bí 1,900 máìlì ni, ọjọ́ mẹ́wàá sì ni lẹ́tà ń lò. Dọ́là márùn-ún ni owó lẹ́tà tí kò wúwo ju ìlàjì áúnsì lọ níbẹ̀rẹ̀, owó tí tálákà kò lè san. Iṣẹ́ náà kò pé ọdún méjì. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1861, wáyà tẹ́lígíráàfù láti ìlà oòrùn àti èyí tó ti ìwọ̀ oòrùn wá pàdé ní Salt Lake City, iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́ṣin sì parí. Etí Platte ni wáyà náà gbà la Nebraska kọjá.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1862, Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin tí yóò fi ojú irin so ìlà oòrùn pọ̀ mọ́ etíkun Pacific. Ìjọba yá àwọn ilé iṣẹ́ lówó, ó sì fún wọn ní ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní apá ọ̀tún àti apá òsì irin tí wọ́n bá tẹ́. Union Pacific gbéra láti Omaha, wọ́n sì tọ Platte lọ, nítorí àǹfààní tí akọ màlúù rí níbẹ̀ ni ẹ̀rọ náà rí: ilẹ̀ pẹrẹsẹ àti omi. Àwọn ọmọ Ireland, àwọn sójà tó ti ogun abẹ́lé bọ̀ àti àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú wà lára àwọn tó tẹ́ irin yìí. Ní apá California, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Ṣáínà ló fi òòlù àti ẹ̀tù fọ́ òkè. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún 1869, irin méjèèjì pàdé ní Promontory Summit ní Utah. Ìrìn tó ń gba oṣù márùn-ún wá di ìrìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ, àwọn ọkùnrin Pawnee wà lábẹ́ Frank North, wọ́n ń ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn Lakota àti Cheyenne tí wọ́n ń jà fún ilẹ̀ ọdẹ wọn. Wọ́n rò pé bí àwọn bá ran ìjọba lọ́wọ́, ìjọba yóò dáàbò bo àwọn. Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní àárín àwọn ọdún 1870, gbogbo ẹ̀yà Pawnee ti kúrò ní Nebraska lọ sí ilẹ̀ tó di Oklahoma lónìí. Wọ́n ṣọ́ ọ̀nà náà tán, ọ̀nà náà sì di ti ẹlòmíràn.

Ibí yìí ni ìtàn ti yí. Kẹ̀kẹ́ ẹrù lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n irin kò lè yà. Ọ̀gá tó jókòó sí ọ́fíìsì ló ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí ìwé, ìlà náà ló sì ń sọ ibi tí ibùdókọ̀, ọjà, báńkì àti ilé ìwé yóò wà.

Ìlú tí irin kò yà sí

Kò sí ibi tí èyí ti hàn kedere ju Nicodemus lọ, ní ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas. Ní ọdún 1877, àwọn aláwọ̀ dúdú tí òmìnira wọn kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò ní Kentucky, wọ́n sì wá dá ìlú tiwọn sílẹ̀ ní etí odò Solomon. Igi kò sí fún wọn láti fi kọ́lé, inú ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ilé sí. Obìnrin kan nínú àwọn tó dé lẹ́yìn, Willianna Hickman, ròyìn pé nígbà tí wọ́n ní kí òun wo ìlú náà, èéfín tó ń jáde láti inú ilẹ̀ nìkan ni òun rí, òun sì sunkún. Ó dúró síbẹ̀, ọ̀pọ̀ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn padà.

Wọ́n tiraka. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, Nicodemus ti ní ilé ìjọsìn, ilé ìwé, òtẹ́ẹ̀lì, ṣọ́ọ̀bù àti ìwé ìròyìn tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni reluwé. Ní ọdún 1887, àwọn ará agbègbè náà dìbò láti yá 16,000 dọ́là kí ojú irin Missouri Pacific lè yà sọ́dọ̀ wọn. Àdéhùn náà kò wọlé. Ní ọdún 1888, Union Pacific tẹ́ irin tirẹ̀ gba òdìkejì odò, ní máìlì díẹ̀ sí wọn. Àwọn oníṣòwò tú ṣọ́ọ̀bù wọn palẹ̀, wọ́n kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ irin, ibẹ̀ sì di ìlú Bogue.

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Bó ṣe máa ń rí fún ìlú tí ọ̀nà bá kúrò lára rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n Nicodemus kọ̀ láti kú pátápátá. Ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ibi ìtàn orílẹ̀-èdè ní ọdún 1996, àti ní ìparí oṣù keje lọ́dọọdún, àwọn àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó dá a sílẹ̀ ń wá láti ọ̀nà jíjìn láti ṣe àjọ̀dún níbẹ̀. Àwọn tó ti lọ ṣì ń pè é nílé.

Nígbà tí mọ́tò dé

Ní ọdún 1913, Carl Fisher àti àwọn oníṣòwò mọ́tò ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde Lincoln Highway, títì kan láti New York dé San Francisco, tó gùn ní 3,389 máìlì níbẹ̀rẹ̀. Ní Nebraska, Platte ni ó tún tọ̀. Ọ̀nà náà dára lórí ìwé ju lórí ilẹ̀ lọ, nítorí ẹrẹ̀ àti eruku ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí àwọn ará ìlú lè mọ bí títì gidi ṣe rí, àwọn tó dá a sílẹ̀ ń mú kí wọ́n da kọ́ńkéré sí máìlì kan péré níbí àti lọ́hùn-ún. Wọ́n da ọ̀kan ní Grand Island ní ọdún 1915, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ní ọjọ́ keje oṣù keje ọdún 1919, àwọn sójà Amẹ́ríkà kó nǹkan bí 80 ọkọ̀ jáde láti Washington láti wò ó bóyá ọkọ̀ ogun lè la orílẹ̀-èdè náà kọjá. Afárá wó lábẹ́ wọn, iyanrìn Nebraska gbé táyà wọn mì, ọjọ́ 62 ni wọ́n sì fi dé San Francisco. Ọ̀gágun ọ̀dọ́ kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Dwight Eisenhower. Kò gbàgbé ìrìn yẹn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1926, ìjọba fún àwọn títì ńlá ní nọ́ńbà. Èyí tó gba etí Platte di U.S. 30. Ní gúúsù rẹ̀, títì mìíràn gba Illinois, Missouri, igun kékeré kan ní Kansas àti Oklahoma kọjá láti Chicago lọ sí California, nǹkan bí 2,400 máìlì. Òun ni Route 66. Cyrus Avery, ará Tulsa, ló jà fitafita kí ó lè gba ìlú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dá àti eruku lé àwọn àgbẹ̀ kúrò lórí oko wọn ní àwọn ọdún 1930, títì yìí ni ọ̀pọ̀ gbà lọ sí California, John Steinbeck sì kọ ìrìn wọn sínú ìwé The Grapes of Wrath ní ọdún 1939.

Títì yìí kò rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Aláwọ̀ dúdú tó bá wakọ̀ gba àárín Amẹ́ríkà nígbà náà ní láti gbé oúnjẹ àti epo sínú bùùtù, nítorí ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kì í gbà á, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kì í dá a lóhùn. Ìlú wà tí aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀ bí oòrùn bá ti wọ̀. Láti ọdún 1936, Victor Hugo Green, agbélẹ́tà kan ní Harlem, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé tí wọ́n ń pè ní Green Book, tó to orúkọ ilé ìtura, ilé oúnjẹ àti ilé epo tí aláwọ̀ dúdú ti lè rí ìtọ́jú. Nítòsí ìlú Luther ní Oklahoma, ìdílé Threatt, tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ní ilé epo tiwọn ní ẹ̀gbẹ́ Route 66. Ẹni tó bá yà síbẹ̀ mọ̀ pé òun lè sinmi láìbẹ̀rù. Ilé náà ṣì dúró.

Ìlú tó bọ́ èrò ọ̀nà

Àwọn ará North Platte fi hàn pé ìlú tó wà lójú ọ̀nà lè ṣe ju kí ó tajà fún èrò lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1941, bí Amẹ́ríkà ṣe wọ ogun àgbáyé kejì, wọ́n gbọ́ pé reluwé tó gbé àwọn ọmọ ogun Nebraska ń bọ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ àti ẹ̀bùn lọ sí ibùdókọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé, àwọn ọmọ Kansas ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọmọ wọn. Wọ́n fún wọn lóúnjẹ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, Rae Wilson, ọ̀dọ́bìnrin kan ní ìlú náà, kọ̀wé sí ìwé ìròyìn pé kí wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Láti ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1941 títí di oṣù kẹrin ọdún 1946, wọ́n pàdé gbogbo ọkọ̀ tó gbé sójà. Iṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọkọ̀ fi ń dúró. Láàárín àkókò yẹn, kọfí, ẹyin, búrẹ́dì ẹlẹ́ran àti kéèkì ọjọ́ ìbí wà fún ẹni tó bá fẹ́. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà sójà tó jẹun níbẹ̀. Àwọn obìnrin láti ìlú àti abúlé bí 125 ló ń dá oúnjẹ náà jọ, ní àkókò tí ṣúgà àti epo mọ́tò wọ́n bí ojú.

Òpópónà márosẹ̀

Eisenhower di Ààrẹ, ó sì fọwọ́ sí òfin òpópónà márosẹ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1956. Òfin náà fọwọ́ sí 41,000 máìlì, ìjọba àpapọ̀ ni yóò sì san 90 nínú 100 owó rẹ̀. I-80 tún tọ Platte. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1974, Nebraska parí tirẹ̀, máìlì 455 láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Àwọn òpópónà bẹ́ẹ̀ ló sì pa Route 66: ní ọdún 1985, wọ́n yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò, ọ̀pọ̀ ilé epo àti mótẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì pa ilẹ̀kùn dé.

Lórí ọ̀dàn, òpópónà náà kàn yẹra fún ìlú ni. Nínú ìlú, ó la àárín àdúgbò kọjá, àdúgbò àwọn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ sì ni ó sábà ń là. Ní St. Paul ní Minnesota, I-94 gba àárín Rondo, ibi tí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ìlú náà ń gbé, ó sì lé ìdílé tó ju 600 lọ kúrò nílé. Ní Tulsa, àwọn aláwọ̀ dúdú ti fi ọwọ́ ara wọn tún àdúgbò wọn, Greenwood, kọ́ lẹ́yìn tí àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun dáná sun ún ní ọdún 1921. Ohun tí iná kò lè pa rẹ́ ni I-244 wá là sí méjì. Wọ́n pe èyí ní ìdàgbàsókè. Owó gbà-má-bínú tí àwọn tí wọ́n lé gbà kò lè ra ilé bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì lè ra aládùúgbò.

Ọ̀nà náà lónìí

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Chicago tó bá fẹ́ wakọ̀ lọ sí Denver, ọ̀nà yìí náà ni yóò gbà. Mo gbà á níyànjú pé kí ó má kàn sáré kọjá. Ní Kearney, ilé ìtàn kan tí wọ́n ṣí ní ọdún 2000 nà láti ẹ̀gbẹ́ kan I-80 dé èkejì, ọkọ̀ sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Láti oṣù kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ó lé ní ìlàjì mílíọ̀nù ẹyẹ sandhill crane tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí Platte láti sinmi kí wọ́n tó máa bá ìrìn wọn lọ sí àríwá. Àwọn ẹyẹ yìí ni èrò àgbà ojú ọ̀nà náà. Ní ìwọ̀ oòrùn, Chimney Rock àti Scotts Bluff, tí àwọn arìnrìn-àjò kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìrántí wọn, ṣì dúró. Ní Guernsey ní Wyoming, ipa táyà onígi àti pátákò ẹran wọ inú òkúta lọ jìn débi pé ènìyàn lè dúró sínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ reluwé lè gba California Zephyr ti Amtrak láti Chicago, ṣùgbọ́n òru ló fi ń la Nebraska kọjá, irin mìíràn tó wà ní gúúsù Platte ló sì ń gbà. Ẹrù ló kù lórí irin etí Platte. Ní North Platte, Bailey Yard ti Union Pacific, tó gùn ní nǹkan bí máìlì mẹ́jọ, ni ibi ìtò ọkọ̀ ẹrù ojú irin tó tóbi jù lọ ní àgbáyé. Ilé tí wọ́n ti bọ́ mílíọ̀nù mẹ́fà sójà kò sí mọ́. Wọ́n wó o ní ọdún 1973.

Kò sí orílẹ̀-èdè tó lè gbé ayé láìla ọ̀nà, èmi kò sì ní bá ẹni tó ń bú títì ṣe pọ̀. Ohun tí àfonífojì Platte kọ́ mi ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí ọ̀nà kì í ṣe bí yóò ti yá tó. Ta ló ń gbé ibi tí yóò gbà? Ṣé ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fa ìlà? Bí ọ̀nà bá sì yẹra fún ìlú kan, kí ni ìlú náà yóò máa jẹ? Wọn kò bi àwọn Pawnee. Àwọn ará Nicodemus sọ tiwọn, kò sí ẹni tó fetí sí i. Ní St. Paul, ọ̀rọ̀ ti ń yí padà díẹ̀. Ní ọdún 2015, olórí ìlú náà tọrọ àforíjì ní gbangba lọ́wọ́ àwọn ará Rondo. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ń bèèrè báyìí pé kí wọ́n kọ́ ilẹ̀ bo apá kan I-94, kí àdúgbò tó pín sí méjì lè padà di ọ̀kan, kí ọkọ̀ sì máa lọ lábẹ́ rẹ̀. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni ti ọ̀nà náà pa. Wọ́n fẹ́ jókòó síbi tí wọ́n ti ń fa ìlà rẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.